Ẹ bá mi lé Ryan Day kúrò ní Ohio State

ỌmọOkè_Columbus | 30 Oṣù Kọkànlá 2024, aago 5:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kì í wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi nípa Ryan Day, olórí kóòṣì wa, níbí, nítorí ìyàwó mi ti ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ nínú ilé.

Michigan 13, Ohio State 10. Nílé wa! Ní pápá wa tó ń gba èèyàn tó lé ní 100,000! Michigan tó wá lónìí kì í ṣe èyí tó gba ife lọ́dún tó kọjá o. Ìdíje 11 ni wọ́n ti gbá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì ti fìdí rẹmi nínú 5. Will Johnson wọn kò gbá, Colston Loveland wọn kò gbá. Davis Warren tó jẹ́ quarterback wọn, yáàdì 62 péré ni gbogbo ohun tó jù lọ́jọ́ náà. Àwọn onítẹ́tẹ́ ní a máa fi nǹkan bí àmì 20 nà wọ́n.

Ẹ wá wo tiwa. Ross Bjork tó jẹ́ olùdarí eré ìdárayá wa ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 20 dọ́là ló wà lórí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Will Howard wá láti Kansas State, Quinshon Judkins wá láti Ole Miss, Caleb Downs wá láti Alabama. A ní Emeka Egbuka. A ní Jeremiah Smith, ọmọ ọdún kìíní tí àgbà kò rí mú. Kí wá ni kóòṣì ń ṣe? Ó ń rán wọn gba àárín gbùngbùn, níbi tí Michigan to àwọn géńdé méjì bíi tírélà sí. Wọ́n sáré nígbà 26, yáàdì 77 ni wọ́n rí. Láti ìgbà tí a ti ìsinmi dé, a kò rí àmì kan mú. Òdo!

Ẹ̀ẹ̀kẹrin léraléra tí Michigan nà wá nìyí. Ẹ bá mi lé e.

Adékànńbí_A2 | 30 Oṣù Kọkànlá, 5:20

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ mu omi tútù. Láti Ann Arbor, ìlú yunifásítì Michigan, ni mo ti ń kí yín, a ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́ ni.

Àwọn tírélà yẹn ní orúkọ o: Mason Graham àti Kenneth Grant. Ẹ tún fi Kalel Mullings kún un, tó já gba àárín yín ní yáàdì 27 nígbà tí eré ti fẹ́ẹ́ parí, àti Dominic Zvada tó fẹsẹ̀ gbé e wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 45. Tí ẹ bá ń to orúkọ tó máa dùn yín, ẹ tò ó pé.

BàbáÌjókòó (Ìbàdàn) | 30 Oṣù Kọkànlá, 5:41

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú àárọ̀ tàbí ẹ kú alẹ́, èyí tó bá wà lọ́dọ̀ yín. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, díẹ̀ yé mi, púpọ̀ kò yé mi. Ṣé yunifásítì lẹ ń sọ ni, àbí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù gidi? Mílíọ̀nù 20 dọ́là fún ọmọ ilé-ìwé? Nígbà tiwa, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé, búrẹ́dì àti mílíìkì inú agolo ni, ó sì ti di ọba lọ́sẹ̀ yẹn.

Kúnlé_Oníṣirò | 30 Oṣù Kọkànlá, 6:03

Bàbá, ẹ kú ilé. Yunifásítì ni o, ọmọ ilé-ìwé sì ni gbogbo wọn. Láti 2021 ni wọ́n ti gbà wọ́n láyè láti fi orúkọ àti àwòrán ara wọn pawó, wọ́n sì lè ṣí láti ilé-ìwé kan lọ sí òmíràn láìjókòó lórí bẹ́ǹṣì fún ọdún kan. Ibẹ̀ ni owó ti wọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ti eré fúnra rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà rí bí ẹyin. Wọ́n máa ń fún ẹgbẹ́ ní ìgbà mẹ́rin láti gbé e síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n tún gba mẹ́rin mìíràn. Bí wọn kò bá ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti ẹlòmíràn. Quarterback ni ẹni tó ń pín in. Tí wọ́n bá gbé e dé òpin pápá, touchdown nìyẹn, àmì 6, wọ́n sì sábà máa ń fẹsẹ̀ fi 1 kún un. Tí ọ̀nà bá dí, wọ́n lè fẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì fún àmì 3.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín gba ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n gbà dé ibi ẹkún yìí. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà bí oyin: Akron 52 sí 6, Western Michigan 56 sí 0, Marshall 49 sí 14, Michigan State 38 sí 7, Iowa 35 sí 7. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ bá Oregon nílé rẹ̀ ní Eugene, 12 Oṣù Kẹwàá. Oregon 32, Ohio State 31. Àmì kan péré! Wọ́n padà sílé, Nebraska fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wọn lẹ́kun, 21 sí 17. Wọ́n lọ sí Penn State, wọ́n nà wọ́n ní 20 sí 13. Wọ́n fọ́ Indiana tí ẹnì kankan kò tíì nà títí di ọjọ́ yẹn, 38 sí 15. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni tòní. Lónìí òkè, lọ́la ilẹ̀.

BàbáÌjókòó | 30 Oṣù Kọkànlá, 6:15

O ṣeun, ọmọ mi. Àmì kan yẹn ni mo fẹ́ gbọ́. Báwo lèèyàn ṣe ń fi àmì kan pàdánù?

ÌyáTáíwò_Dayton | 30 Oṣù Kọkànlá, 6:30

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, ó ṣì ń dùn mí. Àwa la ní bọ́ọ̀lù, aago ń lọ sópin, a ti súnmọ́ ibi tí a lè fẹsẹ̀ gbá a wọlé. Wọ́n pe fáùlù sí Jeremiah Smith pé ó ti ẹni tó ń ṣọ́ ọ, wọ́n dá wa padà sẹ́yìn. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 10, Oregon kó èèyàn 12 sórí pápá dípò 11. Ẹni Kejìlá yẹn jẹ́ kí wọ́n dí ojú ọ̀nà gbogbo, Howard jù ú, kò bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kankan. Wọ́n fìyà yáàdì 5 jẹ wọ́n. Àmọ́ aago ti jẹ ìṣẹ́jú-àáyá 4 lọ, wọn kò sì dá a padà. Yáàdì 5 kò jẹ́ nǹkan kan fún wọn. Aago ni wọ́n ń fẹ́. Nínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì, tún òfin náà ṣe kí ẹlòmíràn má bàa dán an wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, Howard gbé bọ́ọ̀lù sáré, ó fìdí yọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n má bàa fọ́ ọ. Ó gbójú sókè wo aago. Òdo ló rí.

BàbáÌjókòó | 30 Oṣù Kọkànlá, 6:38

Ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí gbáà! Mo ti ń fẹ́ràn eré yìí.

ÌyáTáíwò_Dayton | 30 Oṣù Kọkànlá, 6:52

Ọjọ́ yẹn náà ni Josh Simmons, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn quarterback, fi orúnkún ṣèṣe tí sáà sì parí fún un. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ Indiana, iṣan gìgísẹ̀ Seth McLaughlin já níbi ìgbáradì. Òun ló wà láàárín gan-an. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: òpó méjì nínú márùn-ún tó ń dáàbò bo quarterback wó.

Nítorí náà, ỌmọOkè, mi ò gbè yín lẹ́yìn pé kí wọ́n lé e. Jayden Fielding fẹsẹ̀ gbá méjì lónìí tí kò wọlé, kò sí èyí tó tó yáàdì 40 nínú wọn. Àmì 6 ló ṣòfò, àmì 3 la sì fi pàdánù. Ṣé Ryan Day ló ní kó gbá a síta?

ỌmọOkè_Columbus | 30 Oṣù Kọkànlá, 7:04

Àǹtí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ dáhùn. Òpó méjì wó láàárín, ẹ sì ń gba àárín! Ẹni tí ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀ bàjẹ́, ṣé kò ní gba ẹ̀yìnkùlé? Smith wà létí pápá, Egbuka wà níbẹ̀, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Chip Kelly tó ń yan eré fún wọn ti ṣe olórí kóòṣì rí ní UCLA, kì í ṣe ọmọdé.

ÌyáTáíwò_Dayton | 30 Oṣù Kọkànlá, 7:19

Lórí ìyẹn, mo gbà fún yín. Ẹ sì mọ ìdí rẹ̀? Láti 2021 ni Michigan ti ń sọ káàkiri pé a kò lágbára, pé a mọ aṣọ wọ̀ ṣùgbọ́n a kò lè jà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Day lára. Gbogbo ìgbà tó bá ti rí wọn, ó máa ń fẹ́ fi hàn pé ọkùnrin lòun náà. Kò wá gbá bọ́ọ̀lù lónìí, ó wá fèsì èébú. Èsì náà ló jẹ gbogbo wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ wa.

Kúnlé_Oníṣirò | 30 Oṣù Kọkànlá, 7:33

Ẹ gbọ́, láti ìgbà tí Day ti di kóòṣì, ìdíje 76 ló ti kó wọn jáde, 66 ni wọ́n jáwé olúborí. Ẹ dárúkọ kóòṣì mẹ́ta tó ní irú rẹ̀.

Adékànńbí_A2 | 30 Oṣù Kọkànlá, 7:36

Nínú Michigan ńkọ́, Oníṣirò? Ọ̀kan nínú márùn-ún. 2019 nìkan ló mú, ó tán. 2020 kọ́, àrùn Kòrónà ló fagi lé e. 2021 ni 42 sí 27. 2022 ni 45 sí 23, ní ilé yín. 2023 ni 30 sí 24. Tòní ńkọ́?

Bàbá, ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbọ́ èyí: lọ́dún 2022 tí a nà wọ́n yẹn, ọmọ Yorùbá ló dúró láàárín gbùngbùn ìlà wa. Olusegun Oluwatimi. Òun ló gba Rimington àti Outland lọ́dún yẹn, àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n máa ń fún ẹni tó dára jù nínú àwọn tó ń dúró ní ìlà.

BàbáÌjókòó | 30 Oṣù Kọkànlá, 7:50

Olúṣẹ́gun! Orúkọ ti pa á láṣẹ. Ẹ̀yin Ohio, ẹ ò ní irú rẹ̀ lọ́dọ̀ yín?

ỌmọOkè_Columbus | 30 Oṣù Kọkànlá, 7:58

Bàbá, ẹ má gbè wọ́n. A ní Egbuka, orúkọ Ìgbò. A ní Davison Igbinosun, orúkọ Ẹ̀dó, tó já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ Penn State nígbà tí wọ́n ti fẹ́ jẹ. Fáùlù ọmọ yẹn pọ̀ díẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ tiwa ni.

Adékànńbí_A2 | 30 Oṣù Kọkànlá, 8:10

Ẹ ò tíì sọ ti àsíá fún Bàbá. Àwọn ọmọ wa fẹ́ fi àsíá Michigan gúnlẹ̀ láàárín pápá, lórí lẹ́tà O ńlá yẹn gan-an. Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Jack Sawyer yín já àsíá náà kúrò lórí igi. Ọlọ́pàá fín ata sí wọn lójú.

ỌmọOkè_Columbus | 30 Oṣù Kọkànlá, 8:13

Ẹni tó wọ ilé onílé, tó fẹ́ gbẹ́ ihò sí àárín pálọ̀ rẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó rí? Ẹ̀yin lẹ ṣe ohun tí kò dáa. Ìran yín...

Alábòójútó | 30 Oṣù Kọkànlá, 8:15

Mo ti gé ìyókù ọ̀rọ̀ ỌmọOkè kúrò. Ẹ má darúkọ ìran ẹnikẹ́ni níbí. Adékànńbí, ìwọ náà rọra.

Kúnlé_Oníṣirò | 1 Oṣù Kejìlá 2024, 9:02 àárọ̀

Àjọ Big Ten, líìgì tí Ohio State àti Michigan wà, ti sọ̀rọ̀. Ilé-ìwé méjèèjì máa san owó ìtanràn 100,000 dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ nígbà tí ara ti balẹ̀ díẹ̀. Kí ìdíje yìí tó wáyé ni Day ti sọ fún àwọn oníròyìn pé lẹ́yìn ikú bàbá òun, pípàdánù sí Michigan wà lára ohun tó burú jù tó tíì ṣẹlẹ̀ sí òun àti ìdílé òun. Ọmọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ọkùnrin yìí kò fi ọ̀rọ̀ yín ṣeré o.

ÌyáTáíwò_Dayton | 1 Oṣù Kejìlá, 9:30

Àwọn ọmọ yẹn ni mo ń káàánú. Bàbá, àṣà kan wà lọ́dọ̀ wa láti 1934. Ọdún tí Ohio State bá na Michigan, wọ́n máa ń fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní ṣòkòtò wúrà kékeré kan, bíi ẹ̀ṣọ́ ọrùn. Ní ọ̀sẹ̀ ìdíje yẹn, wọ́n máa ń fi téèpù pupa pa lẹ́tà M rẹ́ lára àwọn ilé yunifásítì. Ó tó bẹ́ẹ̀. Sawyer, Egbuka, JT Tuimoloau, gbogbo àwọn tó wọlé ní 2021 tí wọ́n sì dúró títí di ìsinsìnyí, kò sí èyí tó ní ṣòkòtò kan ṣoṣo nínú wọn. Sawyer tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú. Ọdún mẹ́rin gbáko.

BàbáÌjókòó | 1 Oṣù Kejìlá, 9:48

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Sáà ti parí nìyẹn?

Kúnlé_Oníṣirò | 8 Oṣù Kejìlá 2024, 2:20 ọ̀sán

Kò tíì parí, Bàbá! Tẹ́lẹ̀ rí, ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ni wọ́n máa ń mú fún playoff, ìdíje àṣekágbá tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó gba ife, ẹni tó bá pàdánù méjì ti lọ sílé. Ọdún yìí ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ di 12. Ohio State wọlé, ipò 8 ni wọ́n fi wọ́n sí. Tennessee ló ń bọ̀ wá bá wọn ní Columbus ní 21 oṣù yìí. Tí wọ́n bá yè é, Oregon ló ń dúró dè wọ́n, ẹni ipò 1, tí ẹnì kankan kò tíì nà.

Adékànńbí_A2 | 8 Oṣù Kejìlá, 2:31

Ẹ̀bùn ọ̀fẹ́. Ọdún tó kọjá, a ò fi ìdíje kan sílẹ̀ kí a tó gba ife. Ẹ̀yin gba ojú fèrèsé wọlé.

ỌmọOkè_Columbus | 8 Oṣù Kejìlá, 2:40

Èmi ò wò ó. Mo ti sọ tèmi. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní ọdún kẹta níbẹ̀ ní òun máa ta tíkẹ́ẹ̀tì òun, mo ní kó tà á, kó fi owó rẹ̀ ra bàtà òtútù.

ỌmọOkè_Columbus | 22 Oṣù Kejìlá 2024, 12:25 òru

Ta ló wò ó?

ÌyáTáíwò_Dayton | 22 Oṣù Kejìlá, 12:27

Ẹni tó ní òun ò wò ó ló ń béèrè.

ỌmọOkè_Columbus | 22 Oṣù Kejìlá, 12:40

Ẹ dárí jì mí. 42 sí 17! Kí ìdá kìíní nínú mẹ́rin tó parí, ó ti di 21 sí 0! Howard ju yáàdì 311. Smith jẹ méjì, TreVeyon Henderson jẹ méjì. Wọn kò ránṣẹ́ sí àárín mọ́, wọ́n gba ojú òfuurufú! Òtútù ń pa èèyàn, àwọn ará Tennessee ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wa lọ, apá ibi púpọ̀ nínú pápá pọ́n bí ọsàn. Ọmọ mi pè mí ní ìdajì eré, ó ń sunkún. Ará Tennessee ló ta tirẹ̀ fún. Bàtà náà kò tiẹ̀ tíì dé.

Àmọ́ mi ò yí ohùn padà lórí Day. Ìdíje kan ni.

BàbáÌjókòó | 22 Oṣù Kejìlá, 6:10 àárọ̀

Ẹ̀ ń rán mi létí 3SC. A ti ń sọ pé kí wọ́n tú ẹgbẹ́ ká, lọ́jọ́ kejì a ti ń jó ní Adámásìngbà. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́, ó gbọ́dọ̀ ní ojú méjì: ọ̀kan fún omijé, èkejì fún ìran wíwò.

Kúnlé_Oníṣirò | 1 Oṣù Kínní 2025, 8:47 alẹ́

Ẹ kú ọdún o. Rose Bowl, Ohio State àti Oregon. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dìde lọ bu omi, mo padà dé, Ohio State 34, Oregon 0.

ỌmọOkè_Columbus | 1 Oṣù Kínní, 8:55

ÓREGÓÒNÙ DÀ? Níbo lẹni Kejìlá yẹn wà lónìí? Kí wọ́n kó 13 wá! Kí wọ́n kó 20 wá! 41 sí 21, ìyẹn sì jẹ́ pé a ti ń sinmi lọ́wọ́. Jeremiah Smith, bọ́ọ̀lù 7, yáàdì 187, touchdown 2. Ọmọ ọdún kìíní! Egbuka gba ti yáàdì 42. Henderson sáré yáàdì 66, kò sí ọwọ́ tó kàn án.

Ìyàwó mi ti jáde wá sí pálọ̀, ó jókòó, ó ń béèrè èwo ni Smith.

ÌyáTáíwò_Dayton | 1 Oṣù Kínní, 9:10

Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ kìíní náà nìyí. Oregon kò bú wọn. Kò sí èsì kankan tí Day fẹ́ fọ̀, ó kàn gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù. Donovan Jackson ṣí lọ sípò Simmons, Carson Hinzman wọ ipò McLaughlin, òpó tí a rò pé ó wó ti dúró padà. Tó bá ṣe báyìí sí Michigan, àmì 30 ni.

Adékànńbí_A2 | 1 Oṣù Kínní, 9:14

"Tó bá ṣe." Àwa náà na Alabama lánàá o, 19 sí 13. Ẹ kàn mọ̀.

Lápàdé_Houston | 10 Oṣù Kínní 2025, 10:31 alẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, mi ò sí nínú ìjíròrò yìí tẹ́lẹ̀. Mo kàn fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀: bí ẹgbẹ́ bá wà ní yáàdì KAN sí touchdown, tó ní ìgbà mẹ́rin láti fi gbé e wọlé, tí iye ṣì jẹ́ 21 sí 14, kí ló ń fa kí èèyàn ju bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ kó sì pàdánù yáàdì 7? Kí ló ń fà á?

Kúnlé_Oníṣirò | 10 Oṣù Kínní, 10:36

Pẹ̀lẹ́, ará Texas. Wọlé, jókòó.

Bàbá, Ohio State àti Texas ló ń gbá lálẹ́ yìí, ẹni tó bá mú ló lọ sí ìdíje ìkẹyìn. Ẹ gbọ́ èyí tó tẹ̀lé e. Ìgbà kẹrin, Texas wà ní yáàdì 8. Quinn Ewers gbé ọwọ́ sókè láti jù ú. Jack Sawyer gbá ọwọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù bọ́, Sawyer gbé e, ó sì sáré yáàdì 83 lọ sí òpin kejì. Ó ku ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀. 28 sí 14. Ewers àti Sawyer sì jọ gbé yàrá kan náà rí nígbà tí Ewers wà ní Ohio State ní 2021.

ỌmọOkè_Columbus | 10 Oṣù Kínní, 10:40

Mo ti sáré yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láìwọ bàtà. Nínú yìnyín.

BàbáÌjókòó | 11 Oṣù Kínní, 6:02 àárọ̀

Ọ̀rẹ́ tó bá ẹ sun yàrá, tó mọ bí o ṣe ń yíra lójú oorun, òun ló máa ń mọ ibi tó yẹ kó ti gbá ọ mú. Lápàdé, má bínú.

Kúnlé_Oníṣirò | 20 Oṣù Kínní 2025, 10:50 alẹ́

Ìdíje ìkẹyìn fún ife: Ohio State àti Notre Dame, ní Atlanta. Notre Dame ló kọ́kọ́ jẹ, wọ́n lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 láti fi gbé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lọ, mo ní ó ti parí. Lẹ́yìn náà ni Ohio State gbé mẹ́rin àkọ́kọ́ wọn wọlé léraléra. 7 sí 0 di 31 sí 7. Howard ju 13 àkọ́kọ́ rẹ̀, kò sí èyí tó bọ́ sílẹ̀.

ÌyáTáíwò_Dayton | 20 Oṣù Kínní, 11:25

Ẹ má tíì jó. 31 sí 23.

ỌmọOkè_Columbus | 20 Oṣù Kínní, 11:26

Wọ́n ti tún padà sí ti Michigan. Wọ́n tún ti fẹ́ gba àárín. Mo ti sọ ọ́! Ìgbà kẹta, yáàdì 11 ni wọ́n ń wá, wọ́n máa sá a, mo mọ̀ wọ́n, wọ́n máa

ỌmọOkè_Columbus | 20 Oṣù Kínní, 11:29

WỌ́N JÙ Ú SÍ SMITH. YÁÀDÌ 56.

ÌyáTáíwò_Dayton | 20 Oṣù Kínní, 11:38

Ẹ wo ẹni tí wọ́n ní kó wá fẹsẹ̀ gbá èyí tó kẹ́yìn. Fielding. Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 26, yáàdì 33. Ọmọ tí gbogbo Ohio bú ní Oṣù Kọkànlá. Ó wọlé. 34 sí 23. Omi ń bọ́ lójú mi, ẹ má bi mí ní nǹkankan.

Kúnlé_Oníṣirò | 21 Oṣù Kínní 2025, 8:15 àárọ̀

14 ni wọ́n mú, 2 ni wọ́n pàdánù. Àkọ́kọ́ láti sáà 2014. Ọdún yẹn náà, Virginia Tech ti nà wọ́n nílé ní 35 sí 21, quarterback méjì ṣèṣe, Cardale Jones tó jẹ́ ẹlẹ́kẹta ló sì gba ife. Ó dà bí ẹni pé ilé-ìwé yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́.

Adékànńbí_A2 | 21 Oṣù Kínní, 9:00

Ẹ kú oríire, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ẹ wá tiyín dé Atlanta, ẹ rí i. Ṣòkòtò fúnra rẹ̀ dà?

BàbáÌjókòó | 21 Oṣù Kínní, 9:06

Ẹ̀rín pa mí o! Ọmọ yìí burú.

ÌyáTáíwò_Dayton | 21 Oṣù Kínní, 9:20

Mi ò lè fèsì ìyẹn. Òótọ́ ni. Sawyer àti Egbuka lọ láìní ṣòkòtò. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n máa fi ife yìí pààrọ̀ ọ̀kan, mo rò pé wọn ò ní gbà. Àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ ná.

ỌmọOkè_Columbus | 21 Oṣù Kínní, 10:11

Alábòójútó, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí àkọlé ìjíròrò yìí padà. Ọmọ mi ti ya àwòrán rẹ̀, ó ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo mọ̀lẹ́bí. Ẹ kọ "Ẹ kú iṣẹ́, Ryan Day" síbẹ̀.

Alábòójútó | 21 Oṣù Kínní, 10:30

Àkọlé kì í yí padà lẹ́yìn wákàtí 24. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.

ỌmọOkè_Columbus | 21 Oṣù Kínní, 10:34

Ó dáa. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù Kọkànlá, àwa là ń lọ sí Ann Arbor. Ó ṣì lè wúlò.